Ọ̀nà Ìdagẹ̀rẹ̀ Ilé Bàbá Kò-Jò

Sílípáàsì kan ṣoṣo la bá lórí pákó náà. Okùn rẹ̀ ti já, ó dojú délẹ̀ ní agbede méjì ọ̀nà ìdagẹ̀rẹ̀ onípákó tó ti ẹnu ọ̀nà ilé sọ̀ kalẹ̀ sínú àgbàlá. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ògiri, àga oníkẹ̀kẹ́ kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, táyà rẹ̀ kan ti wọ́. Wọ́n ti gbé bàbá tó jókòó sínú rẹ̀ lọ sí ọsibítù kí àwa ọlọ́pàá tó dé.

Èmi sájẹ́ǹtì, mo wo sílípáàsì, mo wo àga, mo sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyàwó ilé ló ti bàbá ọkọ rẹ̀ dànù. Ọ̀rọ̀ parí. Ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká mú un, ká lọ jẹun. Àmọ́ ẹni tí mo bá wá kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ tètè ń parí lójú rẹ̀.

Ọ̀gá Rúlà là ń pè é lẹ́yìn ní àgọ́ wa. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò rí kó tó wọ iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, rúlà onírin kan kò sì kúrò nínú báàgì rẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn ọ̀gá tàwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbé ìbọn, tèmi ń gbé rúlà. Kí n tó pajú dé, ó ti kúnlẹ̀ sórí pákó, ó fojú sún mọ́ ọn bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì, wá wo ìlà yìí."

Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Ó bẹ̀rẹ̀ nítòsí òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì parí síbi tí sílípáàsì wà.

"Ìdọ̀tí ni, Ọ̀gá."

"Ìdọ̀tí kì í rìn tààrà." Ó fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín ìlà náà àti etí pákó lókè, ó tún wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀. "Ọgbọọgba ni. Ìlà yìí àti etí pákó ń bá ara wọn lọ ni, wọn ò sún mọ́ra jù, wọn ò jìnnà síra. Ẹni tó bá yọ̀ lásán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà sápá kan. Ẹni tó bá sì ti nǹkan dànù, ibi tó dúró sí náà ló máa wà. Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wọ́ nílẹ̀ tààrà tẹ̀ lé nǹkan?"

Mo ronú díẹ̀. "Ẹni tó ń fa nǹkan sẹ́yìn, tí nǹkan ọ̀hún sì lágbára jù ú lọ."

"O ṣeun," ni ó wí, ó sì fi ẹfun yí ibi tí sílípáàsì wà ká.

Ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa. "Kí lẹ tún ń wọ̀n? Ṣé ilẹ̀ lẹ fẹ́ rà ni? Ẹ wọlé kẹ́ ẹ mú un."

Àkọ́bí bàbá náà nìyẹn, obìnrin ńlá kan tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí. Òun ló pe ọlọ́pàá. Ó ti pọn ọmọdébìnrin kan sẹ́yìn, ọmọ náà sì ń yọjú wo àwa méjèèjì. Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ rẹ̀ ni. Ó wá yé mi pé ọmọ ìyàwó tó ní ká mú ni, ó ti gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Mo ti pe àbúrò mi," ni Àǹtí wí. "Awakọ̀ tírélà ni, ojú ọ̀nà ló wà, ó ń bọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ìyàwó òun ti bàbá àwọn, kí òun má bá a nílé, kó sì fi ọmọ sílẹ̀ kó tó lọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Télọ̀ iwájú ilé rí i."

Ọ̀gá wa àgbà náà ti sọ tiẹ̀ lórí fóònù: bí a kò bá rí nǹkan mìíràn títí ọjọ́ fi rọ̀, ká gbé obìnrin náà sí àtìmọ́lé, ká sì gbé e lọ sí kóòtù. Ohun tó wà nílẹ̀ kò lójú pọ̀ rárá. Tí a bá ṣì í mú, obìnrin kan máa pàdánù ọkọ, ọmọ àti ìgbà èwe rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Pálọ̀ ni ìyàwó jókòó sí, ní etí àga, bí ẹni pé àga náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ sílípáàsì, ìkejì wà lófìfo. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí wa. Ọ̀gá ní kó jókòó.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, ìyàwó?"

"Mo fẹ́ gbé Bàbá jáde kí wọ́n lọ yá oòrùn àárọ̀, mà. Òjò ti rọ̀ wínníwínní, pákó tutù. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, àga bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ibo ni Bàbá kọjú sí?"

"Iwájú ni, mà. Ní ọsibítù, wọ́n ní kí n máa fi ẹ̀yìn sọ wọ́n kalẹ̀ ló dáa jù, àmọ́ Bàbá ò gbà. Wọ́n ní àwọn ò lè máa fi ẹ̀yìn jáde nínú ilé tí àwọn fọwọ́ ara àwọn kọ́."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ nílé.

"Ọ̀nà pákó yẹn ńkọ́? Ṣé kò dà gẹ̀rẹ̀ jù?"

Látìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀, ojú Ọ̀gá ló ń wò. Ibí yìí ló ti gbójú kúrò. "Rárá o, mà. Ó dáa. Bàbá ló ṣe é fúnra wọn."

"Mi ò bi ọ́ ẹni tó ṣe é. Mo bi ọ́ bóyá ó ga."

"Kò ga, mà."

"Jẹ́ kí n rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ."

Ó kọ́kọ́ di ọwọ́ pọ̀. Nígbà tó ṣí i, mo rí bí awọ ti le, tó sì ti bó lábẹ́ ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ọ̀tún bíi tòsì. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń ti àga lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ọ̀gá pa ọwọ́ náà dé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a sì jáde.

"Ó ń parọ́," ni mo wí nígbà tá a dé ìta.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ wo wá ni? Ẹni tó bá fẹ́ gba ara rẹ̀ sílẹ̀ á ní ọ̀nà yẹn ló burú, òun kọ́. Mo ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì pa á dé. Sájẹ́ǹtì, o ti rí olè tó ń ti ìlẹ̀kùn àtìmọ́lé mọ́ ara rẹ̀ rí?"

Mi ò rí i rí. Ohun tó sì ń bí mi nínú nípa Ọ̀gá nìyẹn. Ìbéèrè ló fi ń dáhùn ọ̀rọ̀, ebi sì ń pa mí.

Mo lọ gbé àga oníkẹ̀kẹ́ náà dìde, kí èmi náà lè ríṣẹ́ ṣe. Inú mi dùn gan-an sí ohun tí mo rí. Irin búréèkì rẹ̀ ti tú, ó ń mì dirodiro. Mo pe Ọ̀gá. Mo ní ẹnì kan ló tú u, mo sì fi ojú júwe Àǹtí. Ta ló mọ̀, bóyá ilé ló fẹ́ jogún. Ẹni tó kọ́kọ́ ń pariwo olè, ẹ máa wò ó lọ́wọ́.

Ọ̀gá fi èékánná ha irin náà. Ọ̀dà ògiri ló bá a lọ́wọ́, funfun, kò tíì dọ̀tí rárá. "Apá tó kọlu ògiri nìyí. Àga kọlu ògiri ni búréèkì fi tú, kì í ṣe pé búréèkì tú ni àga fi sáré. Tún wò ó, ọ̀nà tó wọ́ sí ni ọ̀nà tó ti wá." Ó wò mí díẹ̀. "Má sì máa wo Àǹtí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ló ń ba obìnrin yẹn. Bàbá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì mọ ẹni tó máa bínú sí."

Bí búréèkì mi ṣe kú nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kọjú sí géètì ilé náà. Ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn ni, kò sì dúró ká bi í.

"Ojú mi báyìí ni mo fi rí i. Mò ń ran aṣọ ilé ìwé lọ́wọ́. Mo gbójú sókè, àga ń sáré bọ̀, ìyàwó wà lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè báyìí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù nù. Kí ni mo tún fẹ́ rí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí," ni Ọ̀gá wí.

Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó bi télọ̀ bóyá bí géètì ṣe wà náà nìyẹn ní àárọ̀, apá kan ní ṣíṣí, apá kejì ní pípadé. Télọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, apá kejì ti dípẹtà, kì í ṣí. Ọ̀gá wá ní kí n padà lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé, kí n máa rìn bọ̀ lórí pákó díẹ̀díẹ̀.

Mo lọ. Mo dúró lókè, mo juwọ́. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, mo tún juwọ́ bí òmùgọ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ mi kan àmì ẹfun tí Ọ̀gá fi yí sílípáàsì ká ni mo tó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òdìkejì títì: "Dúró. Ìsinsìnyí ni mo rí ọ."

Nígbà tí mo padà dé, ó ń bá télọ̀ sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ tó ń bá ọmọ tó fẹ́ràn sọ̀rọ̀.

"Ojú yín níhìn-ín, ibi kan nìyẹn. Etí géètì tó padé yẹn, ibi kejì. Tẹ́ ẹ bá ti ní ibi méjì, ìlà kan ṣoṣo ló lè gba àárín wọn tààrà, ojú kì í sì í yà ní kọ́nà. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lókè ìlà yẹn, géètì gbà á mọ́ yín lójú. Apá ìsàlẹ̀ nìkan lẹ rí."

"Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè," ni télọ̀ wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Bàtà já lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń fa nǹkan, tí bàtà já mọ́ lẹ́sẹ̀, tó ń ṣubú sẹ́yìn, ibo ni ọwọ́ rẹ̀ máa wà?"

Télọ̀ mú aṣọ ilé ìwé náà, ó tún gbé e sílẹ̀. "Mo ti sọ fún Àǹtí pé mo rí i tó tì í."

"Ṣé ẹ rí i tó tì í?"

"Ọwọ́ ni mo rí," ni ó wí. Ó fi ọwọ́ nu ojú. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, nítorí pé ohun tó rí lóòótọ́ ló sọ, ohun tó kù ló fi ọkàn rẹ̀ rán mọ́ ọn.

Ó wá ku nǹkan kan. Bí ìyàwó bá di àga mú, kí ló dé tí kò lè dá a dúró? Bàbá náà kò sanra, mo ti bi wọ́n ní ọsibítù lórí fóònù. Ọ̀gá mú téèpù jáde, mo bá a di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Ẹnu ọ̀nà ilé fi ẹsẹ̀ bàtà méjì ga ju ilẹ̀ àgbàlá lọ. Láti abẹ́ ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí pákó ti kan ilẹ̀, tí a bá wọ̀n ọ́n nílẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ni.

Àǹtí ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ti sùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló sọ bí ọ̀nà yìí ṣe yẹ kó rí?" ni Ọ̀gá bi í.

"Dókítà ni. Níwájú mi báyìí. Nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá kọṣẹ́, tí wọ́n fẹ́ dá wọn sílẹ̀ padà sílé. Wọ́n ní bí ẹnu ọ̀nà bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga, kí ilẹ̀ tí ọ̀nà máa gbà jẹ́ méjìlá. Ọ̀kan sí méjìlá. Bàbá tún un sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin ò mọ bàbá mi. Káfíńtà òrùlé ni wọ́n, Bàbá Kò-Jò làwọn èèyàn ń pè wọ́n, torí pé kò sí òrùlé tí wọ́n kàn tó jò rí. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n ṣe ọ̀kan sí méjìlá, ọ̀kan sí méjìlá náà ni wọ́n máa ṣe. Orí àga yẹn ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi ń rẹ́ pákó. Ìyàwó ló ń bá wọn di igi mú."

"Ẹ ṣeun," ni Ọ̀gá wí. Ó yíjú sí mi. "Sájẹ́ǹtì, bí ẹsẹ̀ bàtà kan bá gba méjìlá, méjì á gba mélòó?"

Èmi àti ìṣirò kì í kí ara wa tá a bá pàdé lọ́nà. Àmọ́ èyí kò le. "Mẹ́rìnlélógún."

"Mélòó la bá nílẹ̀?"

"Méjìlá." Mo tún wo téèpù, bóyá ó máa yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. "Ọ̀gá, ìdajì ni. Ọ̀nà yìí ga ní ìlọ́po méjì bó ṣe yẹ."

"Mẹ́fà ló fún ọ̀kan, dípò méjìlá. Obìnrin kan ṣoṣo, bàtà rọ́bà, pákó tútù. Ó yà mí lẹ́nu pé ó tiẹ̀ dì í mú dé agbede méjì."

Mo ní kíá ká lọ sọ fún ọ̀gá àgbà. Ó ní rárá. Bí a bá lọ báyìí, wọ́n máa ní Bàbá Kò-Jò kì í ṣì í wọ̀n, ẹnì kan ló gé ọ̀nà náà kúrú lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó ló sì wà nílé lójoojúmọ́. Èmi náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀. A wo ìsàlẹ̀ pákó. Ayùn kò kan án lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti kùn ún, ọ̀dà kan náà ló yí igi náà po títí dé ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Àgbàlá kò há, ó gùn ré kọjá. Igi kò wọ́n, pákó tó ṣẹ́ kù wà nínú ìsọ̀ bàbá náà lẹ́yìn ilé, wọ́n tò ó jọ dáadáa.

"Kò sóhun tó dí i lọ́wọ́ láti ṣe é gùn," ni Ọ̀gá wí. Ó ń rìn yí ìsọ̀ náà ká. "Ẹni tó bá ṣì í wọ̀n, á fi ìka díẹ̀ ṣì í, síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Àṣìṣe tó bá pín sí méjì géérégé, Sájẹ́ǹtì, èèyàn ò ṣèèṣì ṣe é. Ẹni tó ṣe é rò pé òun ṣe é tọ́."

Àwọn igi kéékèèké kan so rọ̀ lára ògiri ìsọ̀, onígun mẹ́ta ni gbogbo wọn. Àwọn tó fi ń ṣe àpẹẹrẹ òrùlé nìyẹn, kó tó lọ gé igi ńlá. Ọ̀gá wò wọ́n pẹ́. Ó mú ẹfun, ó ya ọ̀nà ìdagẹ̀rẹ̀ náà sórí pákó kan: gíga rẹ̀ méjì, ilẹ̀ rẹ̀ méjìlá, ìlà gẹ̀rẹ̀ tó so wọ́n pọ̀. Ó wá ya òmíràn bíi tirẹ̀ sí òdìkejì, wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn, ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Òrùlé ni," ni mo wí.

Ó ju ẹfun náà sílẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn rárá, mo sì retí pé kó dùn. "Ní kí ìyàwó wọ mọ́tò," ni ó wí. "Àti Àǹtí pẹ̀lú. Bàbá la fẹ́ lọ bá, ọwọ́ ara rẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ó fi tú u."

Bàbá Kò-Jò tín-ín-rín lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé orí rẹ̀, wọ́n so apá òsì rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ohun tó ti sọ fún wọn ni pé òun kàn rí i tí àga ń sáré ni, òun ò rí ẹ̀yìn òun, òun ò sì lè búra fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó wolẹ̀. Àǹtí dúró sí ìhà orí, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àárín wọn fẹ̀ tó yàrá náà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ṣé ara ti ń fẹ́ tù yín?"

"A dúpẹ́. Ìwọ ni ọlọ́pàá náà?"

"Èmi ni. Wọ́n ní kò sí òrùlé yín tó jò rí."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kò sí."

"Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Bàbá. Ká ní mo ní ilé kan, ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún, láti ògiri dé ògiri. Mo wá ní kí òrùlé rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan sí méjìlá. Báwo ni téńté rẹ̀ á ṣe ga tó?"

"Méjì," ni ó wí, kò tiẹ̀ ronú. "Àmọ́ ta ló rán ọ ní irú iṣẹ́ yẹn? Òrùlé pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀? Òjò máa jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé onílé fẹ́ sùn."

"Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Igi ẹ̀gbẹ́ kan, láti orí ògiri títí dé téńté, ilẹ̀ mélòó ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Méjìlá. Ìdajì ni. Ẹ̀gbẹ́ yìí á gba ìdajì, ẹ̀gbẹ́ kejì á gba ìdajì. Àwa olórùlé, tá a bá ní ọ̀kan sí méjìlá, odindi ìbú ilé là ń sọ, láti ògiri dé ògiri. A kì í ka ẹ̀gbẹ́ kan nìkan. Òrùlé wo ló ní ẹ̀gbẹ́..."

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó yè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ìka fa ìlà kan gòkè, ó dé òkè, ó dúró. Ó wá ibi tó máa gbà sọ̀ kalẹ̀, kò sí. Ó tún un fà.

"Bàbá," ni Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "ọ̀nà ẹnu ilé yín, ẹ̀gbẹ́ mélòó ló ní?"

"Ẹyọ kan," ni Bàbá wí.

Ó wá yé èmi náà, tí ìṣirò kò fẹ́ràn. Dókítà sọ ọ̀kan sí méjìlá bí dókítà ṣe ń sọ ọ́, ilẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ máa gbà nìkan ló ní lọ́kàn. Bàbá gbọ́ ọ bí olórùlé ṣe ń gbọ́ ọ. Ó ka méjìlá sí odindi ìbú, ó pín in sí méjì bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà èwe, ó sì kan ẹ̀gbẹ́ kan. Kò ṣì í wọ̀n. Ó wọn òrùlé sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e gùn ún lójoojúmọ́.

"Bàbá, kí ni wọ́n ń sọ?" ni Àǹtí bi í. "Ṣé kì í ṣe òun ló tì yín ni?"

Ọ̀gá sọ fún wọn bí ẹsẹ̀ ìyàwó ṣe wọ́ lórí pákó, títí sílípáàsì rẹ̀ fi já lágbede méjì.

"Pe àbúrò rẹ," ni Bàbá wí fún Àǹtí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ara yín kọ́kọ́ balẹ̀."

"Mo ní kó o pè é. Kó o sì jẹ́ kí ohùn ẹ̀ jáde kí gbogbo wa gbọ́."

Àǹtí tẹ fóònù, ó sì gbé e sún mọ́ Bàbá. Ìró ẹ́ńjìnnì tírélà ló kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ohùn ọkùnrin kan tó ti rẹ̀. "Àǹtí? Ṣé Bàbá..."

"Èmi ni," ni Bàbá wí. "Mò ń bẹ láyé. Gbọ́ mi dáadáa. Dókítà ní kí n ṣe ọ̀kan sí méjìlá, mo ṣe ọ̀kan sí mẹ́fà. Èmi ni mo ṣe é, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló gbé mi ṣubú. Ìyàwó rẹ dì mí mú títí bàtà fi já lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òkè ló ti fi mí sílẹ̀ ni, òkú mi lò bá wá bá."

Ẹ́ńjìnnì náà dákẹ́. Ó ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Ṣé ó wà níbẹ̀, Bàbá?"

"Ó wà níbí."

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Mi ò ní bá ọ bẹ̀ ẹ́. Máa bọ̀ nílé, kó o wá bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ." Ó juwọ́ pé kí Àǹtí pa fóònù náà, Àǹtí sì pa á.

Àǹtí tú ọ̀já. Ó sọ ọmọ náà kalẹ̀ tòun toorun lójú, ó yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó sì gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. "Ìyàwó, má bínú sí mi," ni ó wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Ìyàwó fi ọwọ́ kan gbá ọmọ mọ́ra, ó fi ìkejì di èjìká Àǹtí mú. Ọ̀gá ní ká jáde, èmi ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ mi ò tíì ṣílẹ̀kùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá.

"Sún mọ́ mi níbí. Fún mi lọ́wọ́ rẹ."

Ó mú ọwọ́ ìyàwó náà, ó tẹjú mọ́ ibi tó ti bó. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tó le bí igi ra ojú ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"O mọ̀ pé ó ga jù."

"Ọwọ́ mi mọ̀, Bàbá."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Wọ́n fẹ́ tì ọ́ mọ́lé. Wọ́n gbọmọ lọ́wọ́ rẹ. Kí ló dé tó ò sọ?"

Ọmọ ti jí, ó ń fa etí aṣọ ìyá rẹ̀.

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ kan ìṣó tó kẹ́yìn sí i, Bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín," ni ìyàwó wí. "Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yín láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti kọṣẹ́ fún yín."